Àwòrán dúróònù mọ́lẹ̀ kedere, kí ló dé tí fẹ́ǹsì ò bọ́ sí àyè ẹ̀?

OmoKubwa: Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. A fi dúróònù ya ilẹ̀ kan ní Lugbe, àwòrán yẹn mọ́ débi pé mò ń rí búlọ́ọ̀kù lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ tí mo bá gbé e lé Google Earth, fẹ́ǹsì á sún sápá kan bíi mítà 3. Ẹni tó yà á ní resolution 3cm ni. Ṣé irọ́ ló ń pa ni?

SafiyoGwags: Kò parọ́ jàre. 3cm yẹn ni ohun tí píksẹ́lì kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lára àwòrán, bò lórí ilẹ̀, tó bá fò ní ìlọ́po méjì gíga yẹn á di 6cm. Kò sọ pé fẹ́ǹsì wà níbi tó yẹ kó wà o, ìyẹn lọ́tọ̀. GPS dúróònù lásán lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, àfi kí wọ́n lo RTK, ìyẹn GPS tí ẹ̀rọ kan nílẹ̀ ń tún àṣìṣe ẹ̀ ṣe lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n kun àmì sílẹ̀ kí sàfíyọ̀ wọ̀n ọ́n. Google Earth gan-an máa ń sún, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n.

IyaIbeji_Nyanya: 1:500 tí wọ́n máa ń kọ sórí máàpù ńkọ́?

SafiyoGwags: Ti bébà nìyẹn mà. 1mm lórí bébà jẹ́ 50cm nílẹ̀. Lórí fóònù tí ẹ ti ń fẹ̀ ẹ́ sókè sódò, kò nítumọ̀ mọ́. Láyé tí wọ́n ń fi kámẹ́rà fíìmù ya ilẹ̀ látinú bààlúù ló ṣe gbòógì, lẹ́ǹsì 152mm, kí bààlúù wà ní mítà 1,520 sókè ilẹ̀, ó di 1:10,000. OmoKubwa, bi í bóyá ó fi àmì sílẹ̀.

OmoKubwa: Mo ti pè é, ó ní kò sí àmì kankan. Bálánsì ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi sha 😂