"Ojúkojú" kò tó fún ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ní "ẹ̀kọ́ ojúkojú", kí èkejì rẹ̀ máa jẹ́ "ẹ̀kọ́ orí ayélujára". Lẹ́nu àwọn Yorùbá tó ń kọ́ nọ́ọ̀sì ní Abuja, "onláìnì" àti "físíkà" ni. Mo fara mọ́ "orí ayélujára". "Ojúkojú" ni kò tẹ́ mi lọ́rùn: lórí Zoom náà, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ojú ara wọn. Ọwọ́ ni kò lè kan ara níbẹ̀.

Ẹ wo wíwọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Fídíò lè sọ pé kí afẹ́fẹ́ inú aṣọ tí à ń wé mọ́ apá máa jò, kí nọ́ńbà ojú òṣùwọ̀n máa fi mìlímítà 2 sí 3 wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Àtàǹpàkò àti ìka tó ń yí fáàfù ló máa mọ bí 2 ṣe rí. Bí afẹ́fẹ́ bá sáré jáde, nọ́ńbà òkè á kéré ju bó ṣe yẹ lọ, ti ìsàlẹ̀ á ga jù. Ẹni tó yẹ kó gba oògùn lè lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Bí aṣọ náà bá kéré fún apá tó tóbi, nọ́ńbà á ga láìnídìí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù kìkì nínú kòtò ìgbọ̀nwọ́ ńkọ́? Ìka ló ń wá a rí.

Èdè wa ti ní àfetígbọ́, ó ní àfojúrí. Ẹ jẹ́ kí yàrá ìdánrawò àti wọ́ọ̀dù jẹ́ "ẹ̀kọ́ àfọwọ́bà". Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó jọ àfọwọ́fà jù, "fà" ló gbé ibi wọnú ìyẹn; "bà" kò ní in lára.

"Ẹ̀kọ́ ọlọ́nà jíjìn" kì í ṣe onláìnì. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Gwagwalada lè máa wo fídíò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tó fara ti kíláàsì. Ọ̀nà wo ló jìn níbẹ̀? NOUN, yunifásítì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Jabi l'Ábújá, ni orúkọ yẹn yẹ. Nọ́ọ̀sì tó ti gbàwé-ẹ̀rí ni wọ́n sì ń gbà sí digirí nọ́ọ̀sì níbẹ̀: wọ́n ti gba àfọwọ́bà kí wọ́n tó dé.

Ó ku ọ̀kan. Fídíò tí a ti ká sílẹ̀ jẹ́ "àgbàsílẹ̀". Èyí tí gbogbo wa wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí a lè dá olùkọ́ dúró bi í ní ìbéèrè, mi ò fẹ́ "ojú ẹsẹ̀" fún un, torí pé yíyára ni ìyẹn ń sọ. "Àjùmọ̀jókòó" ni mo ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù ú lọ, kó mú un wá.