Iná kú ní gbogbo Nàìjíríà: kí lojú yín rí l'Óṣogbo?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ọjà Ọba: Ẹ kú ilé o. Páálí pánlá méje ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sí fíríìsà tí iná fi lọ. Mo ní wọ́n á mú un dé. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, òkùnkùn biribiri. Ọmọ mi ló gbọ́ lórí rédíò pé kì í ṣe àdúgbò wa nìkan, ti gbogbo orílẹ̀-èdè ló dojú dé. Bẹntiróòlù tí mo rọ sí jẹnẹrétọ̀ kékeré gbé èrè mi mì. Lọ́jọ́ kẹta, páálí méjì ti ń rùn. Baálé mi wá ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ó ní Òṣogbo yìí gan-an ni wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà! Ká máa gbé etí odò, ká máa fi itọ́ bọ́jú?

Wẹ́dà Òkè-Fíà: Bàbá ò parọ́, màmá. National Control Centre wà níbí lóòótọ́, àmọ́ wọn kì í pèsè iná níbẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ ọ ni. Wọ́n ń rí i pé ìwọ̀n bí iná ṣe ń yí padà ò kúrò ní 50 hertz, ìyẹn ìgbà àádọ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ńlá kan bá kú lójijì, ìwọ̀n yẹn á já, ẹrù á wọ àwọn tó kù lọ́rùn, àwọn náà á máa pa ara wọn kí wọ́n má baà jóná. Ẹ wo ẹni mẹ́rin tó gbé pósí, kí ọ̀kan sá! (Èmi náà ò rí géètì kan jó lọ́sẹ̀ yẹn. Oníbàárà mi ń bú mi.)

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́: Wọ́n kó wa lọ wo ìdídò Kàìnjì nígbà tí mo wà ní girama. Ọdún 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, 760 mẹ́gáwáàtì ni agbára gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n tò síbẹ̀. Ariwo ibẹ̀ wọnú eegun. Ohun tí mi ò gbàgbé ni pé ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá nílò iná kí ẹ̀rọ wọn tó lè ṣí, àmọ́ omi ò nílò tó bẹ́ẹ̀: ṣílẹ̀kùn fún un, á yí táábáìnì, ẹ̀rọ tó ń yí jẹnẹrétọ̀ ńlá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà máa ń ti ọ̀dọ̀ omi jí iná, kí wọ́n tó fi wáyà iná alágbára ńlá (330 kV) fà á láti Jẹ́bà wá sí Òṣogbo. Díẹ̀díẹ̀ ni, bí wọ́n bá kánjú, á tún ṣubú.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ọjà Ọba: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti yé mi, àmọ́ omi Kàìnjì ò ní san owó páálí méjì. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta yìnyín ní Òkè-Fíà? Wọ́n tún ti mú un lọ.