Ìyá Alákàrà wa àti Miss Maudie

Ẹni inú ìwé tó ń rán mi létí ẹni tí mo mọ̀ rí: tèmi rèé o, ẹ̀yin ará.

Bí wọ́n bá ti dárúkọ To Kill a Mockingbird, ìwé tí Harper Lee gbé jáde ní 1960, Atticus, agbẹjọ́rò tó jẹ́ bàbá Scout, ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà, ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Miss Maudie, opó tó ń gbé ní òdìkejì títì wọn, ni ọkàn mi máa ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀, torí mo ti bá irú ẹ̀ gbé rí.

Ọmọ ọdún méjì ni Scout nígbà tí ìyá ẹ̀ kú. Bàbá ń lọ sí kóòtù, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Jem àti Dill ọ̀rẹ́ wọn a máa yọ ọ́ sílẹ̀ nínú eré, ló bá di èrò fàráńdà Miss Maudie nírọ̀lẹ́. Obìnrin yẹn kì í fi ọmọdé ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí ọmọ náà béèrè nípa Boo Radley, aládùúgbò wọn tí kì í jáde síta, tí gbogbo àdúgbò ń fi dẹ́rù bani, Miss Maudie ní Arthur lorúkọ ẹ̀, àti pé nígbà tó wà lọ́mọdé, ó máa ń bá òun sọ̀rọ̀ dáadáa.

Nílé wa ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, yàrá Ìyá Alákàrà ló kọjú sí tiwa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n dá bàbá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Bí mo bá ti wọlé báyìí, àwọn àgbà á panu mọ́, wọ́n á ní kí n lọ ṣeré níta. Èmi wá gbà pé bàbá mi ti jí nǹkan ni. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan mo bá Ìyá níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, mo bi wọ́n. Wọn ò lé mi. Wọ́n ti àtẹ ẹ̀wà sún mọ́ mi kí n máa bá wọn ṣà á.

“Bàbá rẹ ò jalè. Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù ni, orúkọ tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ó ń dùn ún, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.” Wọ́n wo ọwọ́ mi. “Òkúta ṣì wà nínú èyí tó o dà sọ́tọ̀ yẹn.”

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ kéèkì. Bí Miss Maudie bá ṣe kéèkì ńlá, ó máa ń ṣe kékeré mẹ́ta mọ́ ọn fún àwọn ọmọ náà. Lọ́jọ́ kejì ìdájọ́ tí wọ́n fi dá Tom Robinson, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ṣẹ̀, lẹ́bi, tí ọkàn Jem gbọgbẹ́, méjì péré ni kékeré orí tábìlì. Ara kéèkì ńlá ló ti gé ti Jem. Kò ṣàlàyé kankan. Iléèwé girama ni mo wà nígbà tí mo ka ibẹ̀. Mo pa ìwé dé, mo sunkún.

Èérún àkàrà ni Ìyá máa ń bù fún àwa ọmọdé láràárọ̀. Lọ́jọ́ kejì tá a ṣa ẹ̀wà, wọ́n ka mẹ́fà odindi, gbígbóná, wọ́n fi bébà wé e, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. “Ìwọ àti bàbá rẹ.”

Bàbá mi tú bébà náà. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ka mẹ́ta sọ́wọ́ mi, a jọ jẹ ẹ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn.