Summer kì í ṣe ẹ̀ẹ̀rùn: ọ̀rọ̀ lórí ìwọ́wé àti oòrùn àrànkúrò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ti ń ka gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ láti ìjẹta lórí bó ṣe yẹ ká máa pe summer àti autumn ní Yorùbá, mo kàn dákẹ́ torí mo fẹ́ rò ó dáadáa ni. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ká máa pe summer ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ká pe autumn ní ìgbà ìwọ́wé, kí ìwọ́wé yẹn sì máa bẹ̀rẹ̀ ní September 1, ó parí. Ẹlòmíì ní rárá o, ìgbà ọyẹ́ ló yẹ kí autumn máa jẹ́. Èmi létí òkun ni mò ń gbé, Hastings níbí, lápá gúúsù England, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fojú ara mi wo nǹkan wọ̀nyí, mi ò gba ti ẹ̀ẹ̀rùn yẹn rárá, mi ò sì gba ti ọyẹ́. Ìwọ́wé nìkan ni mo gbà, òun náà ṣì ku díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi ẹ̀ẹ̀rùn bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ dé ibí, mo pe màmá mi ní Ṣakí nínú oṣù July, wọ́n béèrè bójú ọjọ́ ṣe rí, mo ní "Màmá, ẹ̀ẹ̀rùn la wà báyìí." Òjò tó ń lu fèrèsé wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Wọ́n ní "Ẹ̀ẹ̀rùn wo lòjò ń rọ̀ sí báyẹn?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Àtọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí màmá gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ohun tí wọ́n bi mí yẹn sì ni gbogbo ọmọ Yorùbá tí kò tíì wá síbí máa bi wá tá a bá ń lo ẹ̀ẹ̀rùn fún summer.

Ẹ̀ẹ̀rùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ooru. Ọ̀rọ̀ omi ni. Ìgbà tí odò fà, tí koríko gbẹ, tí wọ́n ń sungbó, tí kànga ń jìn sí i, ìyẹn lẹ̀ẹ̀rùn, bí òtútù ọyẹ́ tilẹ̀ ń mú láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn náà ṣì ni. Ẹ wò ó dáadáa, omi làwọn bàbá wa fi ka ọdún: òjò àkọ́rọ̀ ló ń ṣí i, ìgbà òjò tẹ̀ lé e, òjò àrọ̀kúrò ló ń tì í, ẹ̀ẹ̀rùn á wá dé. Oòrùn ò sí nínú ìṣirò yẹn, kò sì yà mí lẹ́nu, torí ní Èkó, ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún àti ọjọ́ tó kúrú jù, ìyàtọ̀ àárín wọn ò tó wákàtí kan. Ta ló máa wá fi ìyẹn sọ ìgbà lórúkọ?

Àmọ́ níbí, oòrùn lohun gbogbo. Ní June 21, ojúmọ́ wa níbí ń lọ sí wákàtí 16 àbọ̀, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lè lù kí ilẹ̀ má tíì ṣú, àwọn ọmọ ò ní fẹ́ sùn, wọ́n á ní "Dádì, ojúmọ́ ṣì wà." Tó bá wá di December, nǹkan bíi wákàtí 8 péré ni ìmọ́lẹ̀ ń dúró. Òjò ní tiẹ̀ ń rọ̀ ní gbogbo ìgbà, kò yan oṣù. Torí náà tá a bá fẹ́ sọ ìgbà àwọn ará ibí lórúkọ, ara oòrùn ló yẹ ká ti fa ọ̀rọ̀ yọ, kì í ṣe ara omi. Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí o, gbogbo ìyókù tí mo máa kọ, orí ẹ̀ ló dúró lé.

Ẹnì kan ti dábàá ìgbà ooru. Ìyẹn sàn ju ẹ̀ẹ̀rùn lọ, àmọ́ ẹ wá létí òkun kẹ́ ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń pè ní summer. Láàárọ̀ oòrùn á mú díẹ̀, tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ilẹ̀ ti gbóná ju òkun lọ, afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ á gbéra sókè, ti orí òkun tó tutù á wá rọ́ wọlé, bí àwa tá a mọ Badagry náà ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n òkun Badagry lọ́wọ́ọ́wọ́, tibí dà bí omi fíríìjì. London lè máa làágùn lọ́jọ́ kan náà, àwa ń wá jákẹ́ẹ̀tì. Àbúrò mi tó ń gbé Whitby lápá àríwá, tiẹ̀ tún le ju tèmi lọ, nínú June kùrukùru lè kàn ti orí òkun dé bo gbogbo ìlú, èyí tí wọ́n ń pè ní fret lọ́dọ̀ wọn tí àwọn ará Scotland ń pè ní haar, afẹ́fẹ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ló kọjá lórí omi tútù tó di kùrukùru, tó bá sì wakọ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀ báyìí, oòrùn ń ràn yàà. Ẹ óò wá pe ìyẹn ní ooru? Lóòótọ́ July 19, 2022 wà tó dé ìwọ̀n 40.3 Celsius ní Coningsby ní Lincolnshire, ọjọ́ yẹn ooru ni, kò sẹ́ni tó máa jiyàn, àmọ́ ọjọ́ tá à ń sọ nìyẹn, kì í ṣe ìgbà. Bóoru mú bí ò mú, ojúmọ́ gígùn yẹn kì í yẹ̀. Èmi fara mọ́ ìgbà oòrùn.

Ó wá ku autumn. Àwọn tó ní ìgbà ìkórè, mo mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń rò, àwọn Òyìnbó gan-an lò ó bẹ́ẹ̀ rí. Harvest lorúkọ ìgbà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, àwọn ará Jámánì ṣì ń pè é ní Herbst dòní, ara gbòǹgbò kan náà ló ti wá, kó tó di pé autumn ti ọ̀dọ̀ àwọn Faransé wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ìkórè létí ọmọ Yorùbá, ṣọ́ọ̀ṣì ló máa rí lójú ẹ̀, bàsá àti aṣọ ẹgbẹ́. Ní oko náà, àgbàdo wa ti jáde tipẹ́ kí September tó dé. Kò ní ṣiṣẹ́.

Ọyẹ́ ńkọ́? Ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ bọ̀, ó gbẹ, ó ní eruku, ètè á bó, àtẹ́lẹsẹ̀ á là. Autumn etí òkun yìí, omi ni láti òkè délẹ̀. Àwa tá à ń pe October ní Ọ̀wàrà, orúkọ yẹn bá Hastings mu ju ọyẹ́ lọ fíìfíì.

Ìwọ́wé wá ló kù, òun sì ni mo gbà. Ó dáa, ó ṣe kedere, ó sì bá ohun táwọn Òyìnbó fúnra wọn ti sọ mu, torí fall tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é, ọ̀rọ̀ nípa ewé tó ń já bọ́ ni, inú ilẹ̀ England níbí ló sì ti kọ́kọ́ jáde kí wọ́n tó gbé e sọdá òkun. Wọ́wé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì fún wa, àràbà ń wọ́wé, ìrókò ń wọ́wé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ni tiwọn, torí omi ni wọ́n ń ṣọ́ lò. Tibí, ìmọ́lẹ̀ tó ń dín kù àti òtútù ló ń lé ewé.

Ibi tí mo ti ní àtakò ni ká máa fojú wo ewé láti mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ewé etí òkun ń pa irọ́. Tí ìjì bá ti fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan nínú July, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á jó ewé tó kọjú sí òkun, ó máa rí bí ewé October, ẹ̀yìn igi kan náà á sì wà ní tútù yọ̀yọ̀. Igi horse chestnut tó wà lójú ọ̀nà wa, August ló ti ń pupa rẹ́súrẹ́sú, kòkòrò kékeré kan ló ń jẹ inú ewé ẹ̀, 2002 ni kòkòrò ọ̀hún dé England. Lọ́dún 2022 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ńkọ́, òjò kọ̀, wọ́n fòfin de fífi hóòsì bomi rin ọgbà ní àwọn apá kan Sussex níbí, ewé sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nínú August nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Ìyẹn gan-an lẹ̀ẹ̀rùn! Igi ń wọ́wé torí omi, bíi tilé. Ọdún yẹn nìkan ni mo lè bá ẹ̀gbọ́n wa gbà.

September 1 tí ẹ̀gbọ́n mú, àwọn Met Office, iléeṣẹ́ tó ń sọ bójú ọjọ́ ṣe máa rí níbí, ló ń lò ó, torí kí ìṣirò wọn lè rọrùn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Mi ò bá wọn jà. Àmọ́ tá a bá ti gbà pé oòrùn la fi ń ka ìgbà níbí, ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ló yẹ ká mú, September 22 tàbí 23, lẹ́yìn ẹ̀ òru á máa jẹ ọ̀sán lọ títí. Ìwọ́wé bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bí igi kankan ò tiẹ̀ tíì wọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń dùn mọ́ mi jù. Òkun kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Nínú June tí gbogbo èèyàn ń sọ pé summer dé, omi ṣì ń ta ni lẹ́sẹ̀. Nínú September, lẹ́yìn bánkì họ́lídè August, tí àwọn àlejò ti kó àga wọn lọ, táwọn ọmọ ti padà sílé ìwé, omi wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 17 Celsius, ìgbà yẹn gan-an ló dáa láti wọ̀. Oòrùn á rọlẹ̀, kò ní ta ara, á ní àwọ̀ oyin, àwọn alápàńdẹ̀dẹ̀ á tò sórí wáyà iná, wọ́n ń múra Áfíríkà. Nínú October nígbà míì ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin á tún mú oòrùn wá. Àwọn Òyìnbó ń pè é ní Indian summer, Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn ti wá, kò sì kan orílẹ̀-èdè Íńdíà, nítorí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ní ká pè é ní ẹ̀ẹ̀rùn Íńdíà, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.

Àwa náà ní àpẹẹrẹ nílé tá a lè fi sọ oòrùn yìí lórúkọ. Òjò tó ń rọ̀ kó tó kúrò là ń pè ní àrọ̀kúrò. Oòrùn tó ń ràn kó tó kúrò ńkọ́? Oòrùn àrànkúrò. Mo kọ́kọ́ ronú àmúkúrò, torí ooru ń mú, àmọ́ ẹni tó bá gbọ́ ọ máa rò pé nǹkan tí wọ́n mú kúrò ni. Àrànkúrò ò ní wàhálà yẹn. Ẹnì kan lè sọ pé àrùn náà ń ràn, òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká máa fi oòrùn ṣáájú ẹ̀, bá a ṣe ń sọ pé òjò àrọ̀kúrò. Ẹ má sì fi ohùn òkè sí i o, àránkúrò á di nǹkan tí wọ́n rán lọ. Kò sì nílò déètì, torí kì í ṣe orúkọ ìgbà, orúkọ oòrùn ni. Ó lè yọ ní September 3, ó lè yọ nínú ìwọ́wé fúnra ẹ̀, títí dìgbà tí wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní Sunday tó kẹ́yìn October.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, àti ẹ̀yin ará Kétu tẹ́ ẹ wà ní Benin, ṣé ẹ ní ọ̀rọ̀ kan tẹ́lẹ̀ fún oòrùn tó fẹ́ẹ́ lọ báyìí? Tó bá wà, màá ju tèmi nù, màá gba tiyín. Tí ò bá sí, èyí ni màá fi kọ́ àwọn ọmọ mi lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, torí ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn ní Yorùbá níbí, ẹ̀ẹ̀rùn ló ṣì wà nínú ẹ̀.