Irú àjọ wo ló yẹ kí n máa fún lówó láti gbógun ti ebi?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa àwọn àjọ tó ń gbógun ti ebi lágbàáyé, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mo fẹ́ máa yọ owó díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.

WFP, àjọ oúnjẹ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ló ń gbé oúnjẹ lọ síbi tí ogun tàbí ọ̀dá ti ń jà. Ọrẹ àtinúwá ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí owó kò bá wọlé tó, ńṣe ni wọ́n ń dín oúnjẹ àwọn èèyàn kù. Èyí ká mi lára púpọ̀. IFAD, tí òun náà jẹ́ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní tiẹ̀ ń yá ìjọba lówó nítorí àwọn àgbẹ̀ kéékèèké.

Àwọn tí kì í ṣe ti ìjọba tún wà. Action Against Hunger, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Faransé lọ́dún 1979, ń tọ́jú àwọn ọmọ tí àìjẹunrekánú ti hàn léèmọ̀. Wọ́n á fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá ọmọ. Bó bá bọ́ sí pupa, tí kò pé mílímítà 115, oúnjẹ ẹ̀pà lílọ̀ inú ọ̀rá ni wọ́n á fún un, èyí tí kò gba omi, tí kò gba iná. Heifer sì ń fún ìdílé ní ẹran ọ̀sìn.

Tówó ẹni kò bá pọ̀, èwo nínú wọn ló máa wúlò fún jù? Báwo lẹ ṣe ń mọ iye tó ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ebi ń pa? Ẹni tó bá ti bá irú wọn ṣiṣẹ́ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn.