Kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò àwọn òbí wa: bí a ṣe lè gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó bàjẹ́

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nígbà tí àwọn àbúrò mi ń palẹ̀ yàrá bàbá wa mọ́ ní Òkè Àró, wọ́n ní àwọn fẹ́ da kásẹ́ẹ̀tì nù, pé ta ló tún ń gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì láyé yìí, gbogbo orin ti wà lórí YouTube. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bàbá wa gba oríkì ilé wa sílẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó gba ìpàdé ẹbí tí wọ́n ti parí ìjà ilẹ̀. YouTube wo ni ìyẹn wà? Wọ́n ti kó wọn wá fún mi, mo sì ti ń gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní tirẹ̀ nílé, kó má fi falẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì. Ike pẹlẹbẹ kékeré méjì wà níbẹ̀. Ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ kán an, kò ní sí ẹni tó máa ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e lórí. Bí ẹ bá rí i pé ó ti ń bu, tí funfun ti ń hù lára téèpù, ẹ má ki í bọ ẹ̀rọ, yóò ran àwọn tó kù. Ẹ wá wo ẹnu rẹ̀ níwájú: fóòmù kékeré kan wà láàárín tó ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ. Ooru ilé wa a máa yọ́ gọ́ọ̀mù rẹ̀, fóòmù náà á sì já bọ́. Bí kò bá sí mọ́, ohùn á máa jáde bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí. Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì oní-síkúrù, ẹ tú u, kí ẹ gbé téèpù rẹ̀ sínú ike mìíràn tó ṣì pé.

Ẹ yí i lọ dé òpin, kí ẹ tún yí i padà, kí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ra lè tú. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ. Ẹ ki wáyà bọ ihò ìgbọ́rọ̀ etí (headphone) ara ẹ̀rọ, kí ẹ gba inú àdápítà USB tó ní line-in, ìyẹn ihò tó ń gba ohùn láti ara ẹ̀rọ mìíràn, wọ kọ̀ǹpútà, nítorí ihò ara ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ti máìkì ni. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Audacity ni mo fi ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ fi pamọ́ ní WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀. Wákàtí kan á gba bíi 600 MB. Èyí tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹbí, ẹ sọ ọ́ di MP3, bíi 60 MB.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ọlọ́run á bù kún yín, ẹ̀gbọ́n. Fídíò ńkọ́? Ti ìsìnkú màmá wa ní Ìdànrè wà lọ́wọ́ mi. Mo ra ẹ̀rọ fídíò àlòkù níbí, àwòrán kàn ń yí lójú kan ni, kò sì ní àwọ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Bàbá Tóyìn, Toronto:
Kò bàjẹ́, àbúrò mi. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to àwòrán sórí téèpù ló yàtọ̀: PAL ni wọ́n fi ń gba fídíò nílé, NTSC ni Amẹ́ríkà àti Kánádà ń lò. Ìlà àwòrán 625 ni PAL ní, 525 ni NTSC. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà kò lè ka tiwa, àfi èyí tó bá ń lo méjèèjì. Ẹ wá ẹni tó wà nílùú Ọba, PAL ni tiwọn. Funai ní Japan ló gbẹ̀yìn nínú àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò, wọ́n sì ti dáwọ́ dúró láti 2016, nítorí náà ẹ má retí tuntun.

Ẹ sì sọ fún ẹni tó bá máa ṣe é pé kó má gé ohunkóhun. Ilé iṣẹ́ kan níbí gba owó lọ́wọ́ mi lórí fídíò tèmi, wọ́n gé gbogbo ibi tí àwòrán ti dúdú. Iná ló lọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gba fídíò náà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́ lọ, inú òkùnkùn yẹn gan-an ni àwọn àgbà obìnrin ti ń ki bàbá wa. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọ Oǹdó, Dublin:
Gbogbo èyí dára, mo sì dúpẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé kásẹ́ẹ̀tì ti kọjá, bẹ́ẹ̀ náà la ń sọ pé rédíò ti di ti àtijọ́, ta ló sọ fún wa? Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi kú, àwọn ọ̀dọ́ ẹbí ní kí wọ́n má náwó sórí ìkéde rédíò, pé fọ́tò ti wà lórí WhatsApp. Àwa tó wà lókè òkun gbọ́ lọ́jọ́ kan náà. Àwọn tó wà lábà kò gbọ́ títí wọ́n fi sin ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré wà nínú wọn, ó sì dùn mí títí dòní. Rédíò kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ wọn, bátìrì ló ń lò, kò gba dátà. Dátà yẹn fúnra rẹ̀, láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso iléeṣẹ́ fóònù ní Nàìjíríà, ti gbà kí owó rẹ̀ lọ sókè tó 50%, ta ló ń fi ṣòfò?

Ẹ gbé ìkéde sí WhatsApp, kí ẹ sì tún san ti rédíò: OSRC (rédíò ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó), Positive FM 102.5 l'Àkúrẹ́, Adaba 88.9 ní Ìlárá-Mọ̀kín, èyí tí agbègbè yín bá ń gbọ́. Kí wọ́n dárúkọ abà, kí wọ́n pe ìnagijẹ olóògbé. Orúkọ ìwé rẹ̀ kọ́ ni àwọn ará oko mọ̀.

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds:
Òótọ́ ọ̀rọ̀ lẹ sọ. Fóònù gan-an ń bà mí lẹ́rù lápá kan. Ohun tí a bá gbé sí status, wákàtí 24, ó ti lọ. Fídíò tí a bá fi ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀, ojú ènìyàn á ṣú nínú rẹ̀. Ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, ó ń gbà tó 2 GB. Kí ẹ̀dà kan wà lókè òkun, kí òmíràn wà nílé lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é fọkàn tán. Bàbá wa fi bírò kọ ọjọ́ àti orúkọ sára páálí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya fọ́tò páálí náà mọ́ ọn. Ẹ sì jẹ́ kí àgbà kan gbọ́ ọ báyìí, kó sọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kò mọ̀ wọ́n.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ ní London. Ṣé kí n fún un?

Ọmọ Àkúrẹ́, Leeds:
Ẹ fún un. Kó gbé e sínú báàgì ọwọ́. X-ray pápákọ̀ òfurufú kì í ba téèpù jẹ́, mágínẹ́ẹ̀tì ló ń bà á jẹ́, kó má ṣe gbé e ti spíkà. Ẹ̀rọ PAL wà nílé mi. Tó bá ti dé, kó pè mí, màá lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.