Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ détà tówó wa ká: ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ n sọ tèmi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Sítíkà i7, ìyẹn orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí Intel ń ṣe, ló kó mi sí wàhálà. Mo dé Computer Village ní Ìkẹjà, mo rí láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, i7-7500U. Mo ní i7 kúkú ju i5 lọ. Ta ló sọ fún mi pé core (apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́) méjì péré ló ní, tí i5-8250U tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì ní mẹ́rin? Ẹ tilẹ̀ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí, 8GB ló wà nínú rẹ̀, ẹni tó tà á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá yá ẹ máa fi kún un."

Ó yá lóòótọ́. Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa. Ó tú ìdí rẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì fóònù tàn án, ó wò mí lójú: "Wọ́n ti jó RAM yìí mọ́ bọ́ọ̀dù. Ibi tẹ́ ẹ máa ki òmíì bọ̀ dà?"

Fáìlì CSV mi, tábìlì détà tí wọ́n kọ bí ọ̀rọ̀ lásán, ò ju 2GB lọ o. Ṣùgbọ́n inú RAM ni pandas, irinṣẹ́ Python tí mo fi ń ṣiṣẹ́ détà, máa ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ó sì máa ń wú níbẹ̀ bíi gààrí tí wọ́n da omi sí. Wes McKinney tó dá pandas sílẹ̀ ti sọ ọ́ ní 2017: kí RAM tó ìlọ́po 5 sí 10 détà. Tèmi ń wá 10GB ó kéré tán, Windows àti Chrome ò tíì jẹ tiwọn. Mo tà á ní ọ̀pọ̀, mo ra láptọ́ọ̀pù ThinkPad T480, ihò RAM méjì. Lójú mi kòrókòró ni wọ́n ti tú ìdí rẹ̀ kí n tó sanwó.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ má ṣèèṣì gba T480s o, ihò kan ṣoṣo ni tìyẹn ní. Èmi, HP Z440, kọ̀ǹpútà ńlá tí kò ní bátìrì, ni mo lọ gbé, arúgbó tó ṣì lágbára. Ihò RAM mẹ́jọ! RAM tí wọ́n yọ lára sáfà àlòkù ni mo kó sí i, 64GB. Inú mi ń dùn kiri títí di Sátidé kan. Mo ti ń da fáìlì pọ̀ láti ọ̀sán, ó ku díẹ̀, Nẹ́pà mú iná. Ilé ṣókùnkùn, kọ̀ǹpútà kú. Owó tó yẹ kí n fi ra UPS, bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ, ni mo ti fi ra RAM.

Akẹ́kọ̀ọ́ Kan:
Ẹ̀yin àgbà ń pe 64GB, 4GB lèmi ń lò. Mo yí CSV mi sí Parquet (irú fáìlì tó ń to détà ní kọ́lọ́ọ̀mù kọ́lọ́ọ̀mù), DuckDB, irinṣẹ́ tó ń wá ìdáhùn nínú détà, ni mo fi ń bi í léèrè, kọ́lọ́ọ̀mù tí mo nílò nìkan ni mo máa ń kó. SSD, ibi ìkófáìlìsí tó yára, nìkan ni mo rà. Ó ń gbé e. Àfi tí mo bá ṣí Chrome, màá lọ bu omi mu, màá padà wá bá a níbi tí mo fi í sí.

Ìyá Ìbejì:
Pa Chrome ọ̀hún, ọmọ mi.